Láti Okun Alfa dé Kẹta ní Gánà: mo tẹ̀lé yanrìn lọ síbi tó ti ń bọ̀

Ọjọ́ Ajé, Okun Alfa, lápá Lẹ́kí

Àbúrò mi tó ń gbé lápá Jakande ló ti ń pariwo látọjọ́ yìí pé kí n wá wo etí òkun àdúgbò wọn, ó ní tí mo bá pẹ́ jù mi ò ní bá a mọ́, èmi rò pé ó ń ṣeré ni. Mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, bàbá kan tó jókòó ń tún àwọ̀n ṣe nàka sáàárín omi lọ́hùn-ún níbi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n ní títì ló wà níbẹ̀ yẹn o, mọ́tò ń gbabẹ̀, òpó iná wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn náà wà níbẹ̀. Mo kàn dákẹ́ ni, kí lèèyàn fẹ́ sọ? Kànga wọn ti di omi iyọ̀, omi rírà ni wọ́n ń mu, èyí tí wọ́n ń fi ọmọlanke tì wá.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ilé ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan. Ilé pátákó ni, ó gbé díẹ̀ sókè lórí òpó igi, níwájú ẹ̀ wọ́n to àpò yanrìn àti táyà àlòkù, wọ́n wá fi okùn àwọ̀n àtijọ́ di gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí omi má bàa tú u. Wọ́n ní ìgbà tí òkun bá ti sún mọ́ jù, àwọn ọmọ wọn á tú ilé náà wálẹ̀, páànù kan náà, pátákó kan náà, ìṣó gan-an wọ́n á ṣà á, wọ́n á sún un sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe kúkú fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ kẹ́ ẹ sinmi?" Ìyá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Búlọ́ọ̀kù ṣeé tú bí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti bí aráyé ṣe máa bá a yí, ìyá yìí ti ń bá a yí tipẹ́, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Victoria Island

Mo lọ wo ògiri Eko Atlantic lónìí, ìlú tuntun tí wọ́n ń fi yanrìn dí sínú òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Great Wall of Lagos, wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 8.5 tó bá parí. Ẹ ò lè kà á sí nǹkan kékeré o. Àwọn kọ́ńkéré ẹlẹ́sẹ̀ ńláńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5, wọ́n kó wọn lé ara wọn kí ẹsẹ̀ wọn lè há mọ́ra, ìgbì á kọlù ú, á fọ́ wẹ́wẹ́, á padà. Ẹni tó bá mọ Bar Beach láyé ijọ́sí, nígbà tí òkun máa ń ya wọ Ahmadu Bello Way tí mọ́tò ò ní lè kọjá, á mọ̀ pé ògiri yìí ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan torí òun ni ìdí tí mo fi ń rìnrìn-àjò yìí. Yanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì òkun ò dojú kọ ilẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń kọlù ú láti apá ìwọ̀-oòrùn, bó ṣe ń kọlù ú bẹ́ẹ̀ ló ń ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Gánà wá sí Tógò, wá sí Benin, wá sí Badagry, wá sí Èkó, tọ̀sán tòru kò sinmi. Ohunkóhun tó bá nà wọ inú òkun máa dá a dúró lọ́nà. Apá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀ á máa kún, apá ìlà-oòrùn ẹ̀ tí kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun á máa jẹ ẹ́. Ó dà bí kí èèyàn di gọ́tà iwájú ilé ẹ̀, omi ò ní torí ẹ̀ gbẹ, ilé ẹnìkejì ló máa yà sí.

Bar Beach fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bà á jẹ́. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba òyìnbó na ògiri òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Èkó. Lẹ́yìn náà Lighthouse Beach tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀, Bar Beach ń lọ. Láti nǹkan bí 1958 ni wọ́n ti ń da yanrìn síbẹ̀, òkun á kó o, wọ́n á tún dà á. Òun ni wọ́n ṣe wá kọ́ ògiri tuntun yìí. Ní oṣù kẹjọ 2012 òkun ya wọ Kuramo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó gbé èèyàn lọ. Àwọn ará Okun Alfa ní tiwọn, wọ́n gbà pé látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ògiri yẹn ni tiwọn ti le sí i, torí ìlà-oòrùn ògiri ni wọ́n wà. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ o, ta ló fẹ́ kí omi gbé VI lọ? Mo kàn ń bi ara mi pé nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó ògiri yẹn, ṣé wọ́n ka ilé pátákó ìyá ẹlẹ́ja mọ́ ọn?

Mo ti wá pinnu. Mo máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí n wo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá yanrìn dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́rú, Sẹ̀mẹ̀ sí Kutonu

Ọ̀nà Badagry, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣẹ́kípọ́ǹtì lórí ṣẹ́kípọ́ǹtì. Nígbà tí mo dé bọ́dà ẹ̀yìn ti fẹ́ kán. Mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, mo rí iye tí wọ́n kà lé mi lọ́wọ́, inú mi bàjẹ́, ó tán.

Ní Kutonu mo gba zémìjàn kan, ọ̀kadá tiwọn nìyẹn, ọmọ Kétu ni ẹni tó gbé mi, Yorùbá ẹ̀ dùn ju tèmi lọ, ló bá sọ ara ẹ̀ di ogbufọ̀ mi. Ó gbé mi lọ wo ìlà-oòrùn pọ́ọ̀tù. 1965 ni wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù yẹn, ìtàn kan náà ni: etí òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn fẹ̀, àdúgbò tó wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ ń wọ òkun, títì wọ òkun, hòtẹ́ẹ̀lì wọ òkun. Wọ́n ti to òkúta sí i báyìí, àwọn ògiri òkúta gígùn tí wọ́n nà wọ inú omi, épi ni wọ́n ń pè é níbí. Láàárín épi kan sí èkejì yanrìn ti ń jókòó, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó wù mí. Bọ̀dá ọlọ́kadá mi ní kí n má tíì yọ̀, ó ní kí n lọ wo ẹ̀yìn épi tó gbẹ̀yìn ná. A lọ. Ó ti jẹ ẹ́ gbẹ́gẹdẹ bí ẹni fi ṣọ́bìrì gé e, gbòǹgbò àgbọn ń ṣeré nínú afẹ́fẹ́.

Orílẹ̀-èdè Benin ti fi òfin de kíkó yanrìn etí òkun ta láti 2008. Èyí dáa. Ẹ rántí pé ẹni tó ń kó yanrìn lọ kọ́lé, ògiri tó ń dáàbò bo òun fúnra ẹ̀ ló ń tú. Ilẹ̀ olómi lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ti ń fa yanrìn báyìí. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló gba mílíọ̀nù dọ́là.

Ọjọ́bọ̀, Djègbadji dé Grand-Popo

A yà ní Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, níbi táwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀ létí ọ̀sà, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi sí i kó ro sílẹ̀, omi tó bá ro yẹn ni wọ́n á gbé kaná títí á fi di iyọ̀. Igi tí wọ́n fi ń daná láyé àtijọ́, mangrove ni, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. Ohun tó dáàbò bo ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ omi ni wọ́n ń fi se iyọ̀! Mi ò bá wọn wí, ebi ò mọ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí. Àwọn kan ti ń tẹ́ tapólì sílẹ̀ báyìí, wọ́n á da omi iyọ̀ náà sí i, oòrùn á fà á gbẹ, kò sí igi, kò sí èéfín. Ìyá kan níbẹ̀ ní iyọ̀ tapólì funfun, ó sì dùn mọ́ òun nínú pé ojú òun ò ta mọ́, àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ẹni tó bá sì ti jẹ gbèsè ò ní dúró de oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi igi sílẹ̀ pátápátá, kó wá ohun tí wọ́n máa jẹ lóṣù òjò.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Grand-Popo. Ó rẹ̀ mí, ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Grand-Popo àti ẹnu odò Mono

Ọkọ̀ pákó la wọ̀ lọ sápá ibi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ẹ̀yin ará Badagry àti Ajáṣẹ́, ẹ ti mọ Zangbeto, ọlọ́dẹ òru tó ń yí kiriri bí òkìtì koríko. Níbí, wọ́n ti fi í ṣọ́ igi mangrove. Wọ́n ṣe ètùtù, wọ́n fi àmì síbẹ̀, ibi tí Zangbeto bá ti wọ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ wa fi ibì kan hàn wá tí igi ti dí mọ́ ara wọn, dúdú kirikiri, ẹja kéékèèké ń sá wọnú gbòǹgbò, ibi tó tẹ̀ lé e tí kò sí àmì, ó dá fẹẹrẹ. Mo bi í pé ṣé àwọn ọ̀dọ́ ìsinyìí tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò bá bẹ̀rù Zangbeto, ó ń bẹ̀rù owó ìtanràn.

Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Wọn ò kó ọlọ́pàá wá láti ìlú ńlá, wọn ò kọ òfin tuntun lédè tí ará abúlé ò gbọ́, ohun táwọn èèyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ wo bí Orò ṣe ń dáàbò bo igbó lọ́dọ̀ tiwa láyé àtijọ́, tá a wá fi gbogbo ẹ̀ ṣẹ̀sín.

Odò Mono náà ní wàhálà tiẹ̀. Ìdíwọ́ omi (dáàmù) kan wà lókè ẹ̀, Nangbéto, Tógò àti Benin jọ kọ́ ọ ni, 1987 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fún wọn níná, ṣùgbọ́n ó ń dá yanrìn odò dúró, tí wọ́n bá sì ṣí omi nígbà òjò àwọn abúlé ìsàlẹ̀ á kún. Lápá Tógò, Red Cross àti àwọn ará abúlé ti ri òpó mọ́lẹ̀ létí odò, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Tí omi bá ti kan yẹ́lò ẹ kó ẹrù, tó bá kan pupa ẹ gbéra. Ẹni tí kò mọ̀wé á mọ pupa. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ìdíwọ́ máa tú omi sílẹ̀, owó ìrànlọ́wọ́ á ti jáde kí omi tó dé, wọn ò ní dúró dìgbà tó bá gbé ẹni lọ. Ìbàdàn tó ti rí Ọmíyalé ní 1980 tó tún rí òmíràn ní 2011, irú òpó yìí ì bá dáa létí Ògùnpa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Aného sí Lómé

Láti Hillacondji tó o bá ti sọdá bọ́dà, Aného ni. Ìlú àtijọ́, àwọn Jámánì fi ṣe olú ìlú nígbà kan, ilé olókè àtijọ́ ṣì wà tó ń wo òkun. Òkun náà ń wò ó.

Ohun tí mo wá wò gan-an rèé. Láti Agbodrafo ní Tógò títí dé Grand-Popo ní Benin, ìlú méjèèjì jọ gbé iṣẹ́ kan ṣe pọ̀ lábẹ́ WACA, ètò ìdáàbòbò etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018, wọ́n to épi, wọ́n sì da yanrìn sáàárín ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọn ò dúró ní bọ́dà. Òkun ò mọ bọ́dà, kò gba páálí, àmọ́ ìjọba wa gbogbo ń ṣe bí ẹni pé ó máa gbà á. Tí Tógò bá ti to òkúta tiẹ̀ nìkan, Grand-Popo ni yóò sanwó ẹ̀. Báǹkì Àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé ní 2017 nìkan, ohun tí ìparun etí òkun jẹ lọ́wọ́ Benin, Tógò, Côte d'Ivoire àti Senegal tó bílíọ̀nù 3.8 dọ́là, ìyẹn ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pa wọlé. Ìlú mẹ́fà ló wà nínú ètò yẹn níbẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Àwa tá a wà ní ìsàlẹ̀ yanrìn, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe lókè máa kàn wá gbẹ̀yìn, a ò sí nídìí tábìlì.

Lójú ọ̀nà Lómé mo rí ògiri ilé tó dá nìkan dúró sínú omi, fèrèsé ẹ̀ ṣì wà. Awakọ̀ ní ọ̀nà tí àwọn ń gbà tẹ́lẹ̀ wà lápá ọ̀hún, òkun gé e, wọ́n sún un sókè. Pọ́ọ̀tù Lómé, 1968 ni wọ́n ṣí i, látìgbà náà àwọn ibì kan ní ìlà-oòrùn ẹ̀ ń pàdánù mítà 5 sí 10 lọ́dún. Gbogbo etí òkun Tógò ò sì ju kìlómítà 50 àti díẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Pọ́ọ̀tù yìí kan náà ló ń bọ́ ìlú náà, ẹnikẹ́ni ò lè ní kí wọ́n wó o. Èrò tèmi ni pé owó tí pọ́ọ̀tù ń pa, kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún láti gbé yanrìn tó dí sí ìwọ̀-oòrùn ẹ̀ fo ògiri lọ sí ìlà-oòrùn. Wọ́n ń ṣe é níbòmíì láyé, ẹ̀rọ ló ń fà á, kì í ṣe idán. Pọ́ọ̀tù Èkó àti ti Kutonu náà ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, Lómé

Mo sinmi. Mo jẹ àkùmẹ̀ pẹ̀lú ẹja, ata ẹ̀ fẹ́ pa mí. Kò sí ìròyìn.

Ọjọ́ Ajé, Aflao sí Kẹta

Bọ́dà Gánà wà láàárín ìlú ni, èèyàn fẹsẹ̀ rìn kọjá. Láti ibẹ̀ mọ́tò gba etí òkun, Salakope, Agavedzi, Blekusu. Ibi tí òkúta wà dúró, ibi tí òkúta ò sí ti fọ́, wọ́n tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ lọ bí eyín tó yọ.

Kẹta wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òkun lósì, ọ̀sà lọ́tùn-ún. Ilé olódi àwọn ará Denmark wà níbẹ̀, Prinzenstein, 1784 ni wọ́n kọ́ ọ, òkun ti wó apá kan ẹ̀. Ìdí tó fi burú tó bẹ́ẹ̀ ni pé odò Volta ló ń gbé yanrìn wá bọ́ gbogbo etí òkun yìí, nígbà tí wọ́n kọ́ ìdíwọ́ omi Akosombo tán ní 1965, yanrìn há sẹ́yìn ìdíwọ́. Yanrìn tí kò kúrò ní Gánà ò lè dé Badagry. Ẹ wá fi kún un pé òkun fúnra ẹ̀ ń ga, láti 1901 sí 2018 ó fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 ga sí i káàkiri àgbáyé, ooru ń mú omi wú, yìnyín ń yọ́. Ilẹ̀ ń dín, omi ń ga.

Gánà ná lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là sí Kẹta, wọ́n parí ẹ̀ ní 2004. Wọn ò to òkúta nìkan o. Wọ́n fa yanrìn láti inú ọ̀sà, wọ́n fi dí ilẹ̀ tuntun, wọ́n pín ilẹ̀ náà fáwọn tí òkun ti gba ilé wọn, wọ́n sì ṣe ọ̀nà tí omi ọ̀sà lè gbà jáde tí òjò bá pọ̀. Ibi tí wọ́n gbé èèyàn lọ ò jìnnà, apẹja ṣì lè fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí ọkọ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa wọ́n á ní kó o kó kúrò, wọn ò ní sọ ibi tó o máa lọ. Kẹta dúró, àmọ́ ní November 2021 omi tún ya wọ àwọn ìlú tó wà lọ́tùn-ún lósì tí ògiri ò kàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá kúrò nílé.

Àwọn apẹja ibí mọ Badagry bí ẹni mọ àgbàlá ẹ̀. Látayébáyé ni wọ́n ti ń kó àwọ̀n ńlá tẹ̀lé ẹja lọ sí Tógò, sí Benin, dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá kan kí mi ní Yorùbá, "Ẹ kú iṣẹ́ o", ó tún béèrè ọjà Agbálatà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí àwọn ti ń ṣí kiri, pé ṣíṣí ni iṣẹ́ àwọn, ohun tó le ni pé bọ́dà ti pọ̀ ju ẹja lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Anloga

Oko àlùbọ́sà kéékèèké ni mo wá wò kí n tó padà. Inú yanrìn gan-an ni wọ́n ń gbìn ín sí, ebè pẹlẹbẹ tó tò lọ bí ẹní, pẹ̀lú kànga láàárín. Tẹ́lẹ̀ garawa ni wọ́n fi ń bu omi, ní báyìí ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń fà á gba inú páìpù wá, á fọ́n ká lórí ebè. Wọ́n á fi ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé tà ṣe ajílẹ̀ ilẹ̀ náà. Omi dídùn inú yanrìn yẹn ò jìn, orí omi iyọ̀ ló léfòó sí, ẹni tó bá fà á jù, iyọ̀ á gòkè. Àǹtí tó ni oko tọ́ omi kànga wò lójú mi, ó tutọ́ ẹ̀ dànù, ó ní kò tíì burú, ó pa ẹ̀rọ. Ó ní ahọ́n òun ni òun fi ń mọ ìgbà tó yẹ kóun dáwọ́ dúró, aládùúgbò òun tí kò dáwọ́ dúró lọ́dún tó kọjá pàdánù ebè ẹ̀ púpọ̀, ata ló wá ń gbìn.

Mo bi í pé ṣé àlùbọ́sà ṣì ń pa owó. Ó ní àlùbọ́sà ni iyì, kárọ́ọ̀tì ló ń san owó iná. Ó kó díẹ̀ fún mi nínú méjèèjì, kò gbowó, ó ní kí n bá òun béèrè iye tí wọ́n ń ta kárọ́ọ̀tì ní Mile 12. Mo ti gba nọ́ńbà ẹ̀, tí mo bá délé mo máa fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.